Àwòrán Ọpọlọ Ọmọ Tí Kò Pé Oṣù: Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ta aṣọ ìkókó ní ìlà aláṣọ nínú ọjà wa, bá wa sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́

    

Nígbà tí Akọ̀wé wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n wá sọ̀rọ̀ ìlera lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, torí ó ń yọ púpọ̀ nínú wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan nínú wa wá jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. Oṣù méje ni wọ́n bí ọmọ ọmọ wọn. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù kan àtààbọ̀ lọ. Dókítà ní kí wọ́n ya àwòrán orí ọmọ náà. Ìyá wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí kò tíì lè fa ọyàn, kí ni wọ́n fẹ́ wò ní orí ẹ̀? Tí wọ́n bá sì rí nǹkan ńkọ́? Ṣé wọ́n á bá wa tún un ṣe ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ gba owó wa, kí wọ́n wá sọ fún wa pé ọmọ wa máa ya dìndìnrìn?"

Ẹ̀yin ìyá mi, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo gbé wá síbí lónìí.

TA LÀ Ń PÈ NÍ ỌMỌ TÍ KÒ PÉ OṢÙ?

Nǹkan bí 40 ọ̀sẹ̀ ni oyún ń gbé nínú ìyá. Ọmọ tí wọ́n bá bí kó tó pé 37 ọ̀sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń pè ní ọmọ tí kò pé oṣù. Èyí tí kò bá tó 32 ọ̀sẹ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí tí kò bá tó 28 ọ̀sẹ̀ ló wá le jù.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. WHO àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìṣirò sọ pé ní ọdún 2020, ọmọ bíi mílíọ̀nù 13.4 ni wọ́n bí láìpé oṣù ní gbogbo ayé. Ìyẹn ni pé nínú ọmọ 10, ẹyọ kan. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Tiwa lé ní 700,000 lọ́dún náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà á. Àkóràn nínú ara ìyá lè fà á. Ìbejì náà a máa tètè wá, ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ ìbejì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, dókítà pàápàá kì í rí ohun tó fà á. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi ìyá ọmọ pé, "Kí lo ṣe?" Kò ṣe nǹkan kan.

Kí ló wá kan ọpọlọ? Ẹ gbọ́ mi ná. Ọpọlọ ọmọ inú oyún dà bí aṣọ tó ṣì wà lórí òfì. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ní 24 ọ̀sẹ̀, ojú ọpọlọ ṣì ń dán bí ẹyin. Nígbà tó bá fi di 40 ọ̀sẹ̀, ó ti ká, ó ti wé mọ́ra bíi gèlè tí a wé síbi ìgbéyàwó. Ọmọ tí wọ́n bí ní 34 ọ̀sẹ̀ pàápàá, tí a rò pé ó ti gbó, ìwọ̀n ọpọlọ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ọmọ tó pé oṣù. Tí ọmọ bá tètè jáde, ìta níbí, láàárín òtútù, ariwo àti iná mànàmáná, ni ọpọlọ rẹ̀ á ti parí iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ní ìkọ̀kọ̀.

FÈRÈSÉ TÓ WÀ LÓRÍ ỌMỌ

Gbogbo wa la mọ àwùjẹ̀, ibi tó rọ̀ láàárín orí ìkókó, tó máa ń mí sókè sódò. Egungun kò tíì dé ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni dókítà ń bá wọlé. Wọ́n á fi ohun tó ń yọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á gbé irin kékeré kan lé e. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni irin náà ń rán wọlé, tí ìró náà bá padà, ó ń di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Scan kan náà tí wọ́n ń ṣe fún aboyún ni. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán X-ray. Wọn ò ní gbé ọmọ kúrò níbi tó sùn sí, wọn ò sì ní fá irun rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wá? Ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù.

Èkíní ni ẹ̀jẹ̀. Àárín ọpọlọ ní àwọn yàrá kéékèèké tí omi wà nínú wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yàrá yẹn, ọmọ tí kò pé oṣù ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó rọ̀ tó sì tín-ín-rín gan-an. Wọ́n lè bẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ní 1978, Dókítà Lu-Ann Papile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán orí ọmọ 46 tí wọn kò tó kìlógíráàmù kan àtààbọ̀. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú orí ọmọ 20. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín in sí ìpele mẹ́rin, tí àwọn dókítà ṣì ń lò. Ìpele 1, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, kò kúrò níbi tó ti bẹ́. Ìpele 2, ó wọ inú yàrá omi. Ìpele 3, ó kún yàrá náà dé ibi pé yàrá fẹ̀. Ìpele 4, ó wà nínú ẹran ọpọlọ gan-an. Ẹ fọkàn sí i o: ọ̀pọ̀ ọmọ tí tiwọn jẹ́ ìpele 1 tàbí 2 ló ń dàgbà bí ẹgbẹ́ wọn. Ìpele 3 àti 4 ni a máa ń bẹ̀rù jù.

Èkejì ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa, tàbí tí àkóràn bá wọlé, wọ́n lè bàjẹ́. Ìyẹn kì í tètè hàn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hàn lójú scan. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí ẹ tún padà wá ṣe òmíràn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ yín lówó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwòrán míì tún wà tí wọ́n ń pè ní MRI. Mágnẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń fi ohun tí scan lásán kò lè fi hàn hàn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní New Zealand àti Australia gbé ìwé kan jáde lórí ọmọ 167 tí wọ́n bí ní 30 ọ̀sẹ̀ tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya MRI wọn ní àkókò tó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn, wọ́n sì dúró dè wọ́n di ọmọ ọdún méjì. Nínú 100, nǹkan bí 21 ni àwòrán wọn fi hàn pé àwọn okùn yẹn bàjẹ́ díẹ̀ tàbí púpọ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì, nínú 100, nǹkan bí 17 ni òye wọn fà sẹ́yìn gan-an, 10 sì ní ìṣòro líle ara tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy. Àwọn tí àwòrán wọn burú ni ìṣòro pọ̀ sí lára jù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àwòrán wọn burú tí wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Àwọn kan wà tí àwòrán wọn mọ́ tónítóní tí wọ́n sì níṣòro.

Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gbé èsì ìwádìí míì jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, lórí ọmọ 511 tí wọ́n bí kí wọ́n tó pé 33 ọ̀sẹ̀. Wọ́n rí i pé MRI fi díẹ̀ sàn ju scan orí àwùjẹ̀ lọ láti mọ ẹni tó máa níṣòro, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni, owó rẹ̀ sì ga jù. Nítorí náà, ìyá tí kò rí MRI ṣe, kó má sunkún. Scan orí àwùjẹ̀, tí a bá ṣe é lásìkò tí a sì tún un ṣe, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ó gbà fún mi. Tí wọ́n bá já àpò ẹ̀wà fún wa, a ó tú ẹnu rẹ̀, a ó wo inú rẹ̀. A ó mọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè wo ẹnu àpò ká mọ bí ọbẹ̀ ṣe máa dùn. Ọwọ́ ẹni tó máa sè é ṣì kù.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ti lé ní ogún ọdún. Wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó ni mo wà nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ata bímọ ní oṣù méje. Èsì scan dé ní ìrọ̀lẹ́, dókítà ti lọ. Ó wá bá mi. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n rí?" Ọmọ méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, èmi nìkan. Mo wo ìwé náà fìrí, mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọpọlọ ọmọ ẹ." Mo sì bá tèmi lọ.

Ìpele 1 ni o! Mi ò sọ ìyẹn fún un. Mi ò jókòó tì í. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo padà dé ní òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣe. Wọn ò wá gba ìwé, wọn ò padà wá fún àyẹ̀wò kankan.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ ra ata. Òun ni mo bá nídìí igbá. Ó dá mi mọ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó ń sáré, ó ń to agolo jọ, ó ń mọ èyí tó tóbi yàtọ̀ sí èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sọ nígbà yẹn náà ni, Àǹtí. A ti gba kádàrá." Ara mi bù máṣọ. Mo bọ́ sẹ́yìn ọmọ náà, mo pàtẹ́wọ́ gbà! Kò yíjú. Mo tún pàtẹ́wọ́. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun.

Etí ni, ẹ̀yin ìyá mi. Ọpọlọ ọmọ náà pé. Kò gbọ́ràn ni. Ká ní wọ́n padà wá ni, wọn ì bá ti yẹ etí rẹ̀ wò kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ó padà lọ sí ilé ìwé àwọn adití, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ti lọ nínú ayé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó lè gbọ́. Àwòrán kọ́ ló ṣe é. Ẹnu mi ni, àti ìbẹ̀rù tí wọ́n fi gbé e lọ.

ÀYÀ ÌYÁ NÁÀ Ń HÀN NÍNÚ ÀWÒRÁN

Ìbéèrè tí ìyá wa bi mí ni pé, tí wọ́n bá rí nǹkan, ṣé wọ́n á tún un ṣe? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tó ti bẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ìkókó ṣì ń hun aṣọ rẹ̀ lọ. Ohun tí a bá ṣe fún un lẹ́yìn náà ń wọ inú aṣọ yẹn.

Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Colombia, àwọn ọmọ tí kò pé oṣù pọ̀ ju àpótí tó ń mú ọmọ móoru, tí wọ́n ń pè ní incubator, lọ. Àkóràn sì ń pa wọ́n. Dókítà Edgar Rey wá ní kí wọ́n máa gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, láìsí aṣọ láàárín wọn, kí ọmọ máa mu ọyàn níbẹ̀. Bí kangaroo, ẹranko tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀.

Láàárín 1993 sí 1996, wọ́n pín àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Bogotá níbẹ̀. Wọ́n gbé àwọn kan sáyà, àwọn yòókù wà nínú incubator. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n wá wọn kàn, wọ́n sì ya MRI ọpọlọ wọn. Èsì ti àwọn 178 jáde ní 2022. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà ní ìkókó, àwọn apá kan nínú ọpọlọ wọn tóbi jù, àwọn okùn tó ń ránṣẹ́ sì tò dáadáa jù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o! Lẹ́yìn ogún ọdún, àyà ìyá ṣì ń hàn nínú àwòrán.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí WHO ti ṣe ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Àwọn yòókù wà ní Ghana, India, Malawi àti Tanzania. Ọmọ 3,211 ni, kìlógíráàmù kan sí 1.8. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, 12 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn sáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 nínú 100.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí n kà á ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè sọ fún ọmọ yín àti aya ọmọ yín.

Ìkíní, tí ìrọbí bá mú aboyún kó tó tó àsìkò, ẹ má dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, tó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ kù. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti 1972, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń gún un fún, kí ọmọ tó jáde.

Ìkejì, ẹ gbé ọmọ sáyà. Tí ìyá kò bá lè ṣe é, kí bàbá tàbí ìyá àgbà ṣe é.

Ìkẹta, ẹ ṣọ́ra fún jọ́ńdíìsì, nígbà tí ojú àti ara ọmọ bá pọ́n rúsúrúsú. Ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Kì í ṣe oòrùn àárọ̀ tàbí àgbo ni oògùn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Èmi tí mo ń ta aṣọ ọmọ ni mo sì ń sọ ọ́: ẹ má fi kánfọ̀ sínú aṣọ ìkókó! Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, jọ́ńdíìsì á sì le sí i.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò. Àyẹ̀wò ojú a máa bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí, pàápàá fún ọmọ tí wọ́n fún ní ọ́síjìn.

Ìkarùn-ún, ẹ má fi ọmọ olóṣù méje wé ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni kí ẹ fi ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí á fi pé ọdún méjì. Tó bá fi oṣù méjì ṣáájú, tó sì ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, ohun tí ọmọ oṣù mẹ́fà ń ṣe ni kí ẹ máa wò. Tí kò bá wá ṣe ìyẹn náà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbandi, ẹ tètè gbé e lọ. Àwọn tó ń kọ́ ara ọmọ ní ìdárayá wà, bí wọ́n bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe ń dára tó.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ WA

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó dà? Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n mú un wá síwájú ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo bẹ Alága àti ìgbìmọ̀, kí ẹ gbé ohun mẹ́ta yẹ̀wò. Kí ẹni tí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wà ní wọ́ọ̀dù ìkókó lè yáwó láìdúró de ìpàdé oṣù, torí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í dúró de ìpàdé. Kí ẹni tó múlé tì í ní ìlà máa bá a jókòó ti ọjà, kó lè lọ gbé ọmọ sáyà. Kí ẹnì kan nínú wa sì máa tẹ̀ lé e lọ gba èsì, kí ó má dá gbọ́ ọ bí ọmọbìnrin aláta yẹn ṣe dá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Tí wọ́n bá sì sọ èsì, ẹ bi wọ́n: ìpele mélòó? Ìgbà wo la tún máa padà wá? Kí ni ká máa ṣọ́?

Ní ti ìyá wa tó wá bá mi, wọ́n ti ya àwòrán náà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìpele 1. Wọ́n ṣì máa tún un yà. Aya ọmọ wọn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì torí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé ọmọ sáyà. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n fi ìró so ọmọ mọ́ àyà, orí rẹ̀ kékeré nìkan ló yọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rù àwòrán kejì ò bà yín?" Wọ́n ní, "Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ń móoru, Nọ́ọ̀sì. Fọwọ́ kàn án wò."

Ẹ̀yin ìyá mi, àwọn ọmọ wa á yè o. Èyí tó bá tètè dé nínú wọn, á bá ọwọ́ tó máa gbà á nílẹ̀. A ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa ba ayé ọmọ kankan jẹ́. Ọjà á tà, ẹgbẹ́ á máa gbòòrò sí i, ọdún á yí abo.